Ẹ Yé Gbá Ilẹ̀kùn Mọ́tò Àtijọ́ Tagbáratagbára

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ní mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì ní Òṣogbo níbí, yálà MGB ni o tàbí Mercedes-Benz SL, àti àwọn panẹ́bítà tó ń bá wọn tún un ṣe, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí jíṣẹ́ fún. Bí ilẹ̀kùn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò pa dé mọ́, gbígbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbá a. Bí kò bá gbọ́, òòlù kàn án lára òpó, ìyẹn irin ara mọ́tò tí etí ilẹ̀kùn ń dé mọ́. Ohun tó ń ba mọ́tò náà jẹ́ gan-an nìyẹn, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe ara mọ́tò rárá. Lọ́ọ̀kù inú ilẹ̀kùn ló gbẹ, tàbí híńjì ló jẹ.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ wo etí rẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹ máa rí irin kan tó rí bí èékánná, tó ṣe é yí. Òun ló ń gbá irin tó wà lára òpó mú nígbà tí ilẹ̀kùn bá dé. Irin kékeré mìíràn wà nínú lọ́ọ̀kù lẹ́yìn rẹ̀, sípíríńgì ló ń tì í, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti há èékánná náà kó má baà yí padà. Ẹ fi ọ̀pá sìkúrúdíráfà ti èékánná yẹn sínú díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó dún kà, kó tún dún kà lẹ́ẹ̀kejì, kó sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fa háńdù, kó fò padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti fa háńdù yẹn kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn o! Bí èékánná bá ti há sílẹ̀, ṣe ni yóò kọlu irin òpó, tí ilẹ̀kùn á ta padà. Púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ohun tó ṣe é kò ju ìyẹn lọ: ọmọdé kan ló fọwọ́ tì í nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Bí kò bá dún, tàbí tó dún tí kò dúró, gírísì àtijọ́ ló sábà máa ń fà á. Eruku ọyẹ́ á wọ inú rẹ̀, á le gbagidi, sípíríńgì kò sì ní lè ti irin kékeré yẹn mọ́. Ẹ yí gíláàsì sókè pátápátá kí ẹ tó tú bọ́ọ̀dù inú ilẹ̀kùn. Kílíìpù ike ló máa ń di àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so háńdù mọ́ lọ́ọ̀kù. Ẹ rọra yọ wọ́n, wọ́n ti gbó, wọ́n sì máa ń ṣẹ́. Sìkúrúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà ń di lọ́ọ̀kù mú ní etí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá le, sìkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá wọn mu rẹ́gí ni kí ẹ lò, kí ẹ fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó yí i. Bí orí sìkúrúù bá fi lè jẹ, iṣẹ́ di méjì. Ẹ rẹ lọ́ọ̀kù sínú kẹrosíìnì mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi gírísì funfun díẹ̀ sí ibi tí irin ti ń kan irin. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, eruku ló ń kó. Ihò kọ́kọ́rọ́ kò fẹ́ gírísì rárá. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù kúnná, kí ẹ fẹ́ ẹ wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wá láti háńdù ìta ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ó gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀, bíi mìlímítà kan sí méjì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa lọ́ọ̀kù. Bí kò bá ní àyè, gbogbo ìgbà ni yóò máa fa irin kékeré yẹn sẹ́yìn, èékánná kò sì ní há láéláé. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá kun mọ́tò lọ́dà tuntun ni èyí ń wọ́pọ̀, torí wọ́n á ti tú háńdù, wọ́n á sì dì í padà láìwo ibẹ̀.

Tí lọ́ọ̀kù bá ń ṣiṣẹ́ geere, síbẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò dé, ẹ di etí ilẹ̀kùn mú, kí ẹ gbé e sókè. Bí ó bá gbéra kí mọ́tò tó mira, pínnì híńjì tàbí búúṣì rẹ̀ (òrùka irin tí pínnì ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ. Ilẹ̀kùn mọ́tò onílẹ̀kùn méjì gùn, ó sì wúwo, híńjì rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó ní léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ, lè fi idẹ gbẹ́ búúṣì tuntun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sún irin òpó wálẹ̀ láti fi bá ilẹ̀kùn tó ti rẹlẹ̀ dọ́gba.

Bí híńjì bá dára, irin òpó ló kàn. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, kí ẹ lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má tú sìkúrúù rẹ̀ tán, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n dè mọ́ lẹ́yìn kò lẹ̀ mọ́ ibì kan, inú òpó ló máa jábọ́ sí. Ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ sún un ní mìlímítà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un mọ́, kí ẹ rọra pa ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá gbéra bó ṣe ń dé, irin òpó ga jù. Bí ó bá já wálẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù. Rọ́bà tuntun tó yí ẹnu ilẹ̀kùn ká náà lè dá wàhálà sílẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ yọ rọ́bà, ó nípọn jù nìyẹn. Èyí tó rọ̀, tó ní ihò nínú, ni kí ẹ wá.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni mọ́tò aláìlórùlé, bíi MGB tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980. Irin ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ ilẹ̀kùn, ni agbára rẹ̀ wà, torí kò sí òrùlé tó máa bá a gbé e. Òjò Òṣogbo kì í ṣe kékeré. Bí omi bá dúró sínú irin yẹn, á dípẹtà láti inú, mọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Ẹ wo àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: bí òkè rẹ̀ bá há ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ fi lọ́ọ̀kù sílẹ̀, wẹ́dà ni kí ẹ pè. Kó tó gé ohunkóhun, kó kọ́kọ́ jó irin mọ́ ẹnu ọ̀nà náà láti òpó iwájú dé ti ẹ̀yìn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò á tẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn kankan kò sì ní bá ẹnu rẹ̀ mu mọ́.

Ilẹ̀kùn tó dún kà lẹ́ẹ̀kan péré kò tíì dé. Ẹ má gbé mọ́tò náà lọ sí ọ̀nà Gbọ̀ngán tàbí Ìkìrun bẹ́ẹ̀. Okùn tí àwọn kan fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ àga kò lè gba èèyàn ní kọ́nà. Bí ó bá di dandan kí ẹ ra lọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ ní Gate ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ mú ti àtijọ́ dání, torí ti ọ̀tún kì í wọ ti òsì, ẹ sì jẹ́ kó dún kà lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.