Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tí Kò Tíì Mọ Ibi Tí Ọ̀nà Já Sí

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú kálámù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara rẹ le, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà pé o kò fi ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ pa mọ́ fún mi. O ní ó ti lé ní ọdún kan tí o ti parí ẹ̀kọ́ rẹ, pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí o kọ láti wá iṣẹ́ ni kò ní èsì, àti pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń sọ ibi tí wọn yóò wà ní ọdún márùn-ún sí i, ìwọ kò lè sọ ibi tí o máa wà ní oṣù tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn nítorí pé kò ní ẹ̀tàn nínú: báwo ni ènìyàn ṣe ń yọ̀ nígbà tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí, àbí àwọn tí ọ̀nà ti là fún nìkan ni ayọ̀ tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ wà fún?

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí rẹ. Àìmọ ọ̀la kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì fi hàn pé ìgbàgbọ́ rẹ ti ń jò. Ábúráhámù tí a ń pè ní baba àwọn onígbàgbọ́, ohun tí Ìwé Hébérù sọ nípa rẹ̀ ni pé ó jáde lọ láì mọ ibi tí òun ń rè. Àwọn àgbà wa ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ìbẹ̀rù ọ̀la máa ń sọ ènìyàn di oníbàárà ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti lè sọ pé òun rí iwájú, àwa Kristẹni náà sì ń ṣe é. Orúkọ ni a yí padà.

O tọ́ka sí Jeremáyà orí 29, ẹsẹ 11, o ní wọ́n ti kà á sí ọ létí títí ó fi sú ọ. N kò bá ọ wí. Ẹsẹ náà dùn, ṣùgbọ́n a ti já a bí ẹni já ewé kan lára igi. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì pẹ̀lú ọba Jekonáyà ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi. Láàrin àkókò yẹn náà ni wòlíì kan tí ń jẹ́ Hananáyà dìde nínú tẹ́ḿpìlì, tí ó ní kí ọdún 2 tó pé, gbogbo ohun tí ọba Bábílónì kó lọ máa padà wá sílé. Ìròyìn ayọ̀ ni, kódà Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n Olúwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 70 ni Olúwa sọ, ẹsẹ 10 ni ó sì wà, gẹ́rẹ́ ṣáájú ẹsẹ tí a fẹ́ràn yẹn. Ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà náà mọ̀ pé òun kò ní fojú ara òun rí ìpadàbọ̀. Ohun tí a wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ni kí ó kọ́ ilé, kí ó gbin ọgbà, kí ó gbéyàwó, kí ó bímọ, kí ó sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí ó bá ara rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe wá Hananáyà lọ, ọmọ mi. Ẹni tí ó bá dá ọjọ́ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ máa dé, tí ó wá ní kí o lọ mú nǹkan wá, dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ kí o máa kà ní oṣù yìí ni èyí tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì. Orí 4 péré ni. O lè jókòó kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìdè ni ó ti kọ ọ́, nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá wọn yóò dá a sílẹ̀ tàbí wọn yóò pa á, síbẹ̀ kò sí orí kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò ti dárúkọ ayọ̀. Kíyè sí bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ọ̀la. Ní orí 2, ó ní òun ní ìrètí láti rán Tímótì sí wọn ní kété tí òun bá ti rí bí ọ̀ràn òun yóò ti rí. Ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àpọ́sítélì tí ó ti rí ìran, tí ó ti gbọ́ ohùn Jésù lójú ọ̀nà Dámásíkù, kò mọ ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ máa já sí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú; síbẹ̀ ó ń ṣètò ìrìn àjò Tímótì. Kò dúró kí ìdáhùn dé kí ó tó ṣètò, kò sì díbọ́n bí ẹni pé ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ òun.

Nínú orí yẹn kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀ Ẹpafíródítù tí ó ṣàìsàn dé bèbè ikú, tí ó ní Ọlọ́run ṣàánú òun kí òun má baà ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé kí a máa yọ̀ nígbà gbogbo ni ó kọ èyí náà. Nítorí náà, bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́, sun ún. Ayọ̀ Olúwa kò ní kí o máa fi ẹ̀rín bo ọgbẹ́. Pọ́ọ̀lù tún ní òun ti kọ́ bí a ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ipòkípò. Ọ̀rọ̀ náà pé ó kọ́ ọ máa ń tù mí nínú, nítorí ohun tí a bá ń kọ́, a máa ń ṣì í ṣe.

Ìlú Fílípì yìí náà ni wọ́n ti fi ọ̀pá na òun àti Sílà, tí wọ́n kan ẹsẹ̀ wọn mọ́ àbà, tí wọ́n sì ń kọrin láàrin òru. Ní ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí ó ń kọ lẹ́tà yìí, ilẹ̀ kò mì. Orin náà kò yí padà.

Èmi náà ní ìtàn kan tí n kò tíì sọ fún ọ rí. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dá mi dúró. Ìwé tí wọ́n fún mi kò ju ìlà mẹ́ta lọ, wọ́n sì ṣi orúkọ mi kọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi sìn wọ́n. Mo ká a sí mẹ́rin, mo fi í sáàrin Bíbélì mi, mo sì jókòó síwájú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ orin tí ìyá rẹ ń kọ nínú ilé, inú sì bí mi sí orin náà. Mo wọlé, mo bi í léèrè pé kí ni ó rí tí ó ń kọrin. Ó ń wẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọṣẹ kún orí rẹ, o sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, n kò rí nǹkan kan o. Ọmọ ni mò ń wẹ̀.”

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi wà láìníṣẹ́. Láàrin rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́sàn-án, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùkọ́ tí o mọ̀ mọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ fún ọ pé nítorí rẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró. Kò sí ẹni tí ó fi hàn mí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí a jọ gbàwé lọ́jọ́ kan náà, tí ìgbàgbọ́ wọn ju tèmi lọ, kò rí irú iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù yẹn mọ́. Ohun tí mo rí ni pé ayọ̀ ìyá rẹ kò tẹ̀lé owó oṣù mi wọlé, kò sì bá a jáde.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ṣe èyí tí ó wà níwájú rẹ lọ́jọ́ náà. Kọ ìwé iṣẹ́ kan sí i bí ó bá yẹ, kí o sì kọ ọ́ dáadáa. Má ṣe fi ìtìjú sá fún àwọn ará nínú ìjọ nítorí pé wọ́n máa béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Dá wọn lóhùn pé o ṣì ń wá a, kí o sì lọ jókòó sáàyè rẹ. Ní alẹ́, sọ gbogbo ohun tí ń bà ọ́ lẹ́rù fún Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan, dárúkọ wọn, kí o sì dúpẹ́ fún ohun kan pàtó tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí o tó sùn. Mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ni ó mú jáde. Àníyàn tí a bá kó sábẹ́ ìrọ̀rí náà máa ń rà bẹ́ẹ̀. Bí oorun bá sì kọ̀ láti wá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, lọ rí dókítà, kí o má sì ka ìyẹn sí àìnígbàgbọ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o pè wá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, pé ohùn rẹ ni òun fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìròyìn. Mo fi ìwé ìdádúró náà sáàrin lẹ́tà yìí. Yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá, ṣùgbọ́n o ṣì lè rí ibi tí wọ́n ti ṣi orúkọ mi kọ. Mú un padà wá fún mi nígbà tí o bá ń bọ̀ nílé, nítorí mo máa dá a padà sáàrin Ìwé Fílípì tí ó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ