Ẹ̀sùn lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù tí mo rà lọ́wọ́ yín: ẹ fún mi ní páásíwọọ̀dù BIOS rẹ̀

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Lọ́kọ́ja. Kí n tó sanwó, mo sọ fún ọmọ yín tó tà á fún mi pé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ni mo fẹ́ máa lò nínú Windows, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní WSL. Ó ní bí ẹní ń jẹ̀kọ ni.

Mo délé, mo tẹ wsl --install. Ó ń fa dátà mi lọ ràì, ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ubuntu, irú Linux tó gbé wá, ṣe ní kóun dìde báyìí, àmì àṣìṣe 0x80370102 ló kọ sójú sikirínì. Ó tún kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí n rí i pé virtualization (agbára láti dá kọ̀ǹpútà àfarawé sínú kọ̀ǹpútà) wà ní títàn nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí rísíìtì yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ẹni tó gbé e létí, láti orí òdo àkọ́kọ́ dé orí èjì tó kẹ́yìn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀ BIOS tó fi ní Windows ló bàjẹ́, kí n pa á rẹ́, kí n gbé òmíràn sí i. Èmi náà gọ̀, mo gbà. Òru méjì ni mo fi ṣe é, orí jẹnẹrétọ̀, torí kò síná. Àwọn fáìlì tí n kò tíì kọ sórí fúláàṣì bá a lọ. Nígbà tí mo parí, 0x80370102 kan náà ló kí mi káàbọ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣí Task Manager, mo wo abẹ́ CPU. Ó wà níbẹ̀ gbangba: Virtualization: Disabled. Bẹ́ẹ̀, inú kọ̀ǹpútà àfarawé kan tí Windows ń dá sílẹ̀ ni WSL 2, ẹ̀yà WSL tí mo gbé sí i, ti ń ṣiṣẹ́. Bí BIOS kò bá yọ̀ǹda, kò ríbi dúró sí. Mo ní ó tán, mo wọ BIOS lọ láti tàn án. Àpótí kékeré kan yọ, ó ń béèrè páásíwọọ̀dù. Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀.

Mo tún pè yín. Ẹ ní ẹ kì í sọ ọ́ fún oníbàárà, kí n gbé e wá sí Lọ́kọ́ja. Kí n gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù lé itan nínú mọ́tò, kí n máa bá tírélà sìmẹ́ǹtì du ọ̀nà ní Ọbájànà, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́? Ta ló ni kọ̀ǹpútà yìí gan-an, èmi tàbí ẹ̀yin?

WSL 1, ẹ̀yà àkọ́kọ́, ni mo ń fọgbọ́n lò báyìí, torí òun kò nílò virtualization. Ṣùgbọ́n Docker, ètò tí wọ́n fi ń di áàpù pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò láti ṣiṣẹ́, kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Docker sì ni mo torí ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà yìí.

Páásíwọọ̀dù náà ni mo fẹ́, láàárín ọjọ́ méje. Bí ẹ kò bá lè fún mi, ẹ rán oníṣẹ́ yín wá sí Kábà lówó ara yín kó wá yọ ọ́. Mo tún ń béèrè ₦11,500 owó dátà àti epo òru méjì yẹn. Fọ́tò ojú sikirínì àti ẹ̀dà rísíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Kábà