Ìkéde: Ẹ jẹ́ ká lọ wo òpó Ọlọ́wẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ẹ kú ojúmọ́ o.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ sí Art Institute of Chicago, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà. Aago 11 àárọ̀ ni ká pàdé níbi kìnnìún onídẹ méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Michigan Avenue.

Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, la fẹ́ fi han àwọn ọmọ. Kí wọ́n wo olorì tó dúró lẹ́yìn ọba lára òpó náà dáadáa: ó ga ju kábíyèsí lọ fíìfíì! Ẹyẹ kan tún wà lórí adé ọba.

Ọmọ tí kò tíì pé 14 kì í sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye ẹni tó ń bọ̀ láti ilé yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.