Ọ̀pá irin méje nípò mẹ́wàá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún wa lórí ọ̀rọ̀ irin afárá. Ẹni tó bá ń ra irin ní Dei-Dei nílùú Abuja níbí á ti gbọ́ ọ pé irin gíréèdì 600 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí irin ṣe le tó kó tó nà láìpadà) ń dín iye ọ̀pá inú kọnkéré kù. Òótọ́ ni. Bíìmù (òpó kọnkéré tó dùbúlẹ̀ gbé afárá) tó ń fẹ́ ọ̀pá 25 mm mẹ́wàá ti gíréèdì 420, méje gíréèdì 600 á gbé ẹrù náà. Kọnkéré á ráyè láàárín irin, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n á sì dé ìsàlẹ̀. Níbi tí irin ti há mọ́ra bí ìgbálẹ̀, èrè ńlá nìyẹn.

Àmọ́ líle ló yàtọ̀, nínà kò yàtọ̀. Ẹrù kan náà lórí irin 420 àti irin 600 tó nípọn bákan náà, bákan náà ni wọ́n á ṣe nà. Bí ọ̀pá méje bá wá ń ṣiṣẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan á nà tó 43% ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbàkígbà tí tírélà bá gorí afárá. Ibi tí kọnkéré ti sán á fẹ̀ sí i, bíìmù á sì tẹ̀ sí i. Omi ni aláǹgbá tó ń wọ ògiri yìí, ìpẹtà ló sì ń bí síbẹ̀. Lápá Àríwá, ọyẹ́ ti máa ń fa omi ara kọnkéré tútù, á ti sán kí ọkọ̀ kankan tó gùn ún, bí wọn ò bá fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje ó kéré tán.

Ọ̀pá tó tín-ín-rín ni ìwòsàn sísán tí ẹrù ń fà. Fi 20 mm mọ́kànlá ti gíréèdì 600 rọ́pò 25 mm méje: agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kọnkéré á sì sán wẹ́wẹ́ bí irun dípò kó lanu. Ẹ lè rẹ́rìn-ín pé ọ̀pá ti tún pọ̀ padà! Àmọ́ ìwọ̀n irin ti já láti 38.5 kg ti ọ̀pá mẹ́wàá àkọ́kọ́ sí nǹkan bíi 27 kg ní mítà kan.

Ibi tí wọ́n ti ń so irin léra ló ń kọ wá lóminú jù. Àwọn tó ń tẹ irin ti mọ̀ ọ́n sórí pé ibi tí ọ̀pá méjì ti gùn léra máa ń gùn tó ìlọ́po ogójì ìnípọn ọ̀pá: mítà kan fún 25 mm. Bí ìyẹn bá tó fún 420, irin 600 nínú kọnkéré kan náà ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 1.43. Bó bá kúrú, irin á yọ̀ kúrò lára kọnkéré kí líle rẹ̀ tó wúlò rárá. Kí wọ́n má ṣe fi iná yá irin 600 kó lè tẹ̀, kí wọ́n má sì jó o pọ̀ láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbà bẹ́ẹ̀. Iná lè pa líle ara rẹ̀.

Bí gíréèdì méjèèjì bá wà lójú iṣẹ́ kan, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ kun orí àti ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lọ́dà. Ẹ tún kun èyí tí wọ́n bá gé kù: àmì ilé iṣẹ́ lè má sí lára rẹ̀ mọ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn oníṣẹ́ afárá kan,
Kubwa, Abuja.