Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa bátìrì litíọ́ọ̀mù tí a fi ń lo sólà. Iye iná tó ń gbà ni ẹ tẹnu mọ́, ẹ ò mẹ́nu ba bó ṣe ń pẹ́ tó. Àtúnṣe bátìrì ni iṣẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ìyá kan tó ń ta omi tútù fi owó àjọ ra tirẹ̀. Kò tó ọdún méjì tí iná inú rẹ̀ fi ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ánóòdù, ìyẹn apá inú bátìrì tí litíọ́ọ̀mù ń wọ̀ sí nígbà tí a bá ń ṣáàjì, ló sábà máa ń fa irú èyí. Bí mo bá tú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú (ẹ má dán an wò nílé o, ó lè gbiná), màá bá abala bàbà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gíráfáìtì dúdú (irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsùlù) kùn; ánóòdù náà nìyẹn. Bó bá ti gbó, dúdú yẹn a máa bó bí ọ̀dà ògiri tí òjò ti pa. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì, litíọ́ọ̀mù a wọnú gíráfáìtì, gíráfáìtì a sì wú tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí a bá ń lo iná, litíọ́ọ̀mù a jáde, wíwú náà a rọlẹ̀. Awọ kan wà tó ń dáàbò bo ánóòdù. Bí wíwú bá fà á ya, òmíràn a hù, litíọ́ọ̀mù inú bátìrì ló sì fi ń hù. Ooru ń mú kó yára sí i.

Sílíkọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ ń lé báyìí láti fi ṣe ánóòdù. Ohun tó ń gbà lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti gíráfáìtì, ṣùgbọ́n a máa wú tó ìlọ́po mẹ́rin, a sì fọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n ń fi kábọ́ọ̀nù bò ó, tí wọ́n sì ń po díẹ̀ rẹ̀ péré mọ́ gíráfáìtì. Oríṣi ánóòdù mìíràn ni ti litíọ́ọ̀mù títánéètì; kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wú rárá. Ohun tó ń gbà kò tó ìdajì ti gíráfáìtì lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba ṣáàjì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bílé bá ti láyè, èyí ni èmi yóò mú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Rachid Yazami, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, ló fi hàn ní Faransé ní nǹkan bí 1980 pé litíọ́ọ̀mù lè máa wọlé jáde nínú gíráfáìtì.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, fi dandan lé e pé kí wọ́n tẹ iye ìgbà tí a lè ṣáàjì bátìrì kí agbára rẹ̀ tó já sí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sára páálí, pẹ̀lú ìwọ̀n ooru tí wọ́n fi dán an wò. Ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń lò. Bátìrì tó wà lábẹ́ páànù wa nínú oṣù kẹta ò mọ ìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn tó ń polówó lọ́dọ̀ yín ní ìbéèrè yìí.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ bátìrì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn