Ìkéde Pàtàkì: Ẹ Yẹ Ìbọn Yín Wò Kí Ọjọ́ Ìdíje Tó Pé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ìmúra. Ẹni tó bá fẹ́ ra awò ìbọn (awò tí à ń wò láti fi ìbọn sun ohun tí a fẹ́ yìn) tuntun, kó rí i pé òṣùwọ̀n kan náà ni ìlà inú awò àti ohun tí à ń yí lórí rẹ̀ ń lò. Tó bá jẹ́ mil, ìyẹn òṣùwọ̀n igun kan, 0.1 mil jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní 100 mítà, sẹ̀ǹtímítà 10 ní 1,000 mítà. Ẹ má pa mil pọ̀ mọ́ MOA, òṣùwọ̀n igun mìíràn, rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ skúrù wò dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan, ọta mi ń ya sọ́tùn-ún, ó ń ya sósì, mo ní afẹ́fẹ́ ni. Àṣé skúrù awò kan ló tú!

Ohun ìdítí, tí ń dáàbò bo etí lọ́wọ́ ariwo ìbọn, di dandan. Ìbọn tí a kò yìn lọ́wọ́, kó ṣófo, kí àsíá kékeré tó ń fi hàn pé kò sí ọta nínú rẹ̀ wà nínú ihò ọta rẹ̀.