Ẹ má ká ìyáàlù sínú lúùpù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn kan ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ń pariwo pé láptọ́ọ̀pù fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ onílù, pé olórin á ká ìlù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú agbo, ìlù náà á sì máa yí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣàì ní ìdí, àmọ́ ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń lò ó ni ò mọ ìlù tó yẹ ní kíká àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fọ́wọ́ èèyàn.

Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ká ìlà oríkì kan sínú lúùpù (ohùn tá a ká sílẹ̀ tó ń yí po léraléra), akólòlò lẹ sọ ìlù dà. Ẹni tí wọ́n ń kì á ti náwó tán, á ti lọ jókòó, ìlù á ṣì máa kì í! Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n dúró síbi kan ni kẹ́ ẹ ká: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gúdúgúdú, ó pẹ́ tán kẹríkẹrì.

Sọ́fítíwíà olówó ńlá ò pọn dandan. Ọ̀fẹ́ ni Giada, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Windows àti macOS. Ọ̀fẹ́ náà ni SooperLooper tí Jesse Chappell ṣe. Kí wọ́n ká ohùn, kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n gbé òmíì lé e, kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́, olórí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Bọ́tìnì tí ò sí, ẹnikẹ́ni ò lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lójú agbo.

Agogo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ká. Ká ní ẹsẹ̀ orin (beat) jẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú kan, kónkóló, ìyẹn ìlù agogo tá a ń kà sí 12, òǹkà mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, á gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 kó tó yí po. Yípo mẹ́rin jẹ́ 9.6. Òǹkà kọ̀ọ̀kan nínú 12 yẹn ò ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.2 lọ. Bí ẹsẹ̀ yín bá fi 0.1 péré pẹ́ lórí pẹ́dálì tẹ́ ẹ fi ń ká ìlù nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ dá a dúró, ìdajì òǹkà kan ti lé sí i nìyẹn, gbogbo ìgbà tó bá sì ti yí dé ojú ìsopọ̀ ló máa kọsẹ̀. Ẹ sọ iye ẹsẹ̀ orin fún sọ́fítíwíà ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tan quantize tàbí sync, kí kíká máa bẹ̀rẹ̀ kó sì máa parí lójú ẹsẹ̀ orin gan-an.

Èyí tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni kí ohùn máa pẹ́ kó tó jáde. Buffer (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohùn sí fúngbà díẹ̀) 512 ní 44,100 Hz (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ń jẹ mílísẹ́kọ́ńdì 11.6 ní wíwọlé, ó sì tún ń jẹ iye kan náà ní jíjáde. Ìlù á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹ lo 256 ní 48,000 Hz, ìyẹn 5.3 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń já wìkìwìkì, agbára kọ̀ǹpútà ni ò tó: ẹ pa Wi-Fi àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e padà sí 512. Lórí Windows, ẹ lo ASIO, ìyẹn dráífà tó ń jẹ́ kí ohùn yára wọlé kó sì yára jáde. ASIO4ALL wà fẹ́ni tí káàdì ohùn rẹ̀ ò ní tirẹ̀.

Ẹ má kọjú sípíkà sí máíkì tó ń ká. Lúùpù tó ń jáde á tún gba ibẹ̀ wọlé, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ gbé ìlù lé e, ariwo lásán ló kù. Ẹni tó ń lù kó fi ìyafóònù sétí. Ẹ má sì jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan ga ju -12 dB lọ lójú mítà sọ́fítíwíà, torí wọ́n ṣì ń bọ̀ wá para pọ̀.

Gúdúgúdú tẹ́ ẹ ká sílé lánàá kì í fìgbà gbogbo bá ti òde òní mu. Oòrùn ń fa awọ le, ìda ojú rẹ̀ náà ń yí ohùn padà. Ojú agbo gan-an ni kẹ́ ẹ ti ká a, lẹ́yìn tí onílù bá ti tún un ṣe tán.

Tí sípíkà bá ń kùn hùnnn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù wò. Tó bá dákẹ́, ẹ lo bátìrì, tàbí kẹ́ ẹ fi DI box (àpótí kékeré tó ń dènà irú kíkùn yìí) sáàárín kọ̀ǹpútà àti míkísà.

Àwa olórin kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.